Fọ́tò méjì, eré kan: bí a ṣe wá àwòrán ìparí eré ọgọ́rùn-ún mítà ní Asẹ́rò

Ọjọ́ Àìkú ni ìpè náà wọlé. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, n kò tíì bọ́ agbádá. Ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ tí a lọ ya fọ́tò íńtà-háòsì fún lọ́jọ́ Jímọ̀ ni. Wọ́n kí mi lẹ́ẹ̀kan, wọ́n bọ́ sórí ọ̀rọ̀: "Bọ̀dá ayafọ́tò, ẹ jọ̀ọ́, fọ́tò àṣekágbá ọgọ́rùn-ún mítà àwọn ọmọbìnrin, ibi tí wọ́n ti ń kọjá ìlà gan-an, ẹ bá mi fi ránṣẹ́. Ìyá ọmọ Yẹ́lò kan ò jẹ́ kí n rí oorun sùn láti àná." Mo ní kò le rárá, kí wọ́n fún mi ní wákàtí kan péré. Ọjọ́ kẹta ni mo tó rí fọ́tò náà. Ọjọ́ kẹrin ni mo tó mọ ohun tó ń sọ.

Mo ń kọ ọ́ sílẹ̀ bó ṣe ṣẹlẹ̀ nítorí àwa ayafọ́tò Abẹ́òkúta kì í sọ irú rẹ̀ síta. Bí iṣẹ́ oníṣẹ́ bá sọnù lọ́wọ́ wa, a ó ní bátìrì ló kú, tàbí ká ní mẹ́mọ́rì ló ya wèrè. Èmi náà ti sọ bẹ́ẹ̀ rí.

Ìparí oṣù Fẹ́búárì ni wọ́n ṣe eré náà, oòrùn mú, eruku ò sì jẹ́ kéèyàn rí Olúmọ láti ibi tó yẹ kó ti rí i. Pápá ilé ẹ̀kọ́ yìí kì í ṣe irú ti Kútọ̀ tí wọ́n tẹ́ nǹkan aláràbarà sí. Ilẹ̀ pupa ni, ẹfun ni wọ́n fi fa ojú ìlà mẹ́fà, wọ́n ri igi kan sí òpin ìlà ìparí lápá ìhín, wọ́n ri èkejì sí apá ọ̀hún. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi àwọn igi méjì yẹn sọ́kàn. Ilé mẹ́rin ló ń figa gbága: Rẹ́ẹ̀dì, Búlúù, Yẹ́lò àti Gíríìnì. Kí àwọn ọmọbìnrin tó sá ọgọ́rùn-ún mítà, máàkì mẹ́ta péré ló wà láàrin Yẹ́lò àti Gíríìnì. Ọmọ Yẹ́lò wà ní ojú ìlà kejì, ti Gíríìnì wà ní ìkarùn-ún. Àwọn adájọ́ ní Gíríìnì ló gba ipò kìíní, kọ́ọ̀pù sì bá Gíríìnì lọ. Ìyẹn nìkan ni gbogbo ìjà.

Kámẹ́rà méjì la gbé lọ. Nikon D7100 ló wà lọ́wọ́ mi pẹ̀lú lẹ́ǹsì gígùn, mo sì dúró sí nǹkan bíi mítà mẹ́ẹ̀ẹ́dógún kọjá ìlà ìparí, lápá ojú ìlà kìíní, kí àwọn ọmọ lè máa sá bọ̀ wá bá mi lójúkojú. Ọmọ iṣẹ́ mi mú D3100 tí mo rà ní tòkunbọ̀, pẹ̀lú lẹ́ǹsì kékeré tó bá a wá. Mo ní kó jókòó sílẹ̀ lẹ́bàá ìlà ìparí lápá kejì, kó máa ya ẹni tó bá já okùn. Ọmọ tó gbọ́ràn ni. Ó jókòó síbẹ̀ láti àárọ̀ dé ìrọ̀lẹ́.

A padà sí ṣọ́ọ̀bù ní Pánṣẹ́kẹ́ ní nǹkan bí aago méje, iná wà, èyí tó jẹ́ ìyanu lọ́jọ́ Jímọ̀. Mo ní kí ọmọ iṣẹ́ mi da gbogbo fọ́tò sórí laptop, kó sì fọ mẹ́mọ́rì méjèèjì mọ́, nítorí a ní ìgbéyàwó láàárọ̀ ọjọ́ kejì. Mo lọ jẹun. Nígbà tí mo dé, ó ti ṣe tán. Mo wo iye fọ́tò tó wà nínú fódà: 879. N kò bi ara mi léèrè bí kámẹ́rà méjì ṣe ya fọ́tò láti aago mẹ́sàn-án àárọ̀ tí gbogbo rẹ̀ ò fi tó ẹgbẹ̀rún kan. Àárẹ̀ ti mú mi.

Ọ̀sán ọjọ́ Àìkú yẹn ni mo ṣí fódà náà láti wá ọgọ́rùn-ún mítà. Mo rí ayẹyẹ ìwọ́de, mo rí kọmíṣọ́nnà ìjọ́sí kan tó ń sọ̀rọ̀ tí kò parí bọ̀rọ̀, mo rí ìgbà tí wọ́n ń pín ife ẹ̀yẹ. Àárín rẹ̀, gbogbo rẹ̀ jẹ́ ti ọmọ iṣẹ́ mi. Kò sí fọ́tò eré sísá kan ṣoṣo tí èmi yà. Mo pe ọmọ náà.

"Nígbà tó o ń da fọ́tò sínú fódà, ṣé laptop ò sọ nǹkan kan fún ẹ?"

"Ó bi mí léèrè nǹkan, Ọ̀gá. Ó ní ṣé kí òun fi èyí rọ́pò ìyẹn. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni."

Ọmọdé ò mọ oògùn, ó ń pè é ní ẹ̀fọ́. Ṣùgbọ́n ta ló yẹ kó fi oògùn hàn án? Ọdún kan ààbọ̀ ló ti wà lọ́dọ̀ mi, mo ti kọ́ ọ bí a ṣe ń tan ìyàwó rẹ́rìn-ín, n kò sì sọ fún un rí pé orúkọ kan náà ni àwọn kámẹ́rà Nikon bíi tiwa máa ń sọ ọmọ wọn. DSC_ ni yóò fi bẹ̀rẹ̀, yóò wá to nọ́ńbà mẹ́rin tẹ̀ ẹ́ láti 0001 dé 9999, lẹ́yìn náà yóò tún padà sí ìbẹ̀rẹ̀. Ti èmi lọ láti DSC_4120 dé DSC_4998, fọ́tò 879. Tirẹ̀ lọ láti DSC_4410 dé DSC_4962, fọ́tò 553. Gbogbo nọ́ńbà tirẹ̀ pátá ló bọ́ sínú tèmi. Bó ṣe dà á sínú fódà kan náà, 553 tirẹ̀ gorí 553 tèmi, wọ́n sì jẹ wọ́n run. Iye fọ́tò inú fódà ò yí padà, ó ṣì jẹ́ 879. Ìdí nìyẹn tí ojú mi ò fi rí i.

Ibi tó wá burú sí ni mẹ́mọ́rì. A ti fọ̀ ọ́, a sì ti fi ya ìgbéyàwó lé e lórí. D7100 ní ojú ihò méjì fún mẹ́mọ́rì, ó sì ṣeé ṣe kéèyàn ní kó máa kọ fọ́tò kọ̀ọ̀kan sínú méjèèjì. Èmi ti yí i sí pé bí àkọ́kọ́ bá kún kó bọ́ sí èkejì. Àkọ́kọ́ ò kún. Mẹ́mọ́rì kejì wà níbẹ̀ lófìfo láti àárọ̀ dé alẹ́, bí àlejò tí wọn ò fún lóúnjẹ.

Ohun tí èèyàn ní láti mọ̀ nípa fífọ mẹ́mọ́rì nínú kámẹ́rà nìyí: kì í pa fọ́tò rẹ́ lójú ẹsẹ̀. Ojú ìwé atọ́ka ló ń fà ya. Ìwé fúnra rẹ̀ wà níbẹ̀, àfi pé kámẹ́rà ti kà á sí ìwé òfìfo, tí ohun tuntun bá sì dé, yóò kọ ọ́ lé e lórí láti ìbẹ̀rẹ̀. Nítorí náà mo yọ mẹ́mọ́rì náà kúrò nínú kámẹ́rà, mo tì í sínú dúróà, mo ní ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án. Bí mo bá tún fi ya àwòrán pásípọ́ọ̀tù kan ṣoṣo, mo lè fi ojú ọmọ yẹn san án.

PhotoRec, ètò kọ̀ǹpútà tó ń wá fáìlì tó sọnù, ni mo lò. Ọ̀fẹ́ ni, Christophe Grenier, ọmọ ilẹ̀ Faransé, ló kọ ọ́. Kò ní ẹwà kankan: ojú dúdú, lẹ́tà funfun, ọfà lo ó fi máa rìn nínú rẹ̀. Kò wo ojú ìwé atọ́ka rárá. Yóò máa ka mẹ́mọ́rì láti òkè dé ìsàlẹ̀, ibi tó bá ti rí àmì tí JPEG, irú fáìlì tí fọ́tò wa jẹ́, fi ń bẹ̀rẹ̀, yóò gbé e. Inú dísìkì mìíràn ni kí ẹ ní kó kó o sí o, kì í ṣe inú mẹ́mọ́rì tí ẹ ń gbà là. Mo tan jẹnẹrétọ̀ nítorí NEPA ti mú iná lọ, mo jókòó tì í bí ẹni tó ń ṣọ́ aláìsàn.

Orí bá mi ṣe é níbì kan. Fọ́tò ìgbéyàwó tó wọ inú mẹ́mọ́rì yẹn kò ju 260 lọ, torí kámẹ́rà kejì ni mo fi ya èyí tó pọ̀ jù. Ìbẹ̀rẹ̀ ọjọ́ Jímọ̀ ni 260 yẹn kọ lé lórí, ìyẹn ìwọ́de àti ọ̀rọ̀ kọmíṣọ́nnà ìjọ́sí, tí nọ́ńbà wọn ṣáájú 4410. Ìwọ̀nyẹn ṣì wà lórí laptop ní tiwọn, nítorí ti ọmọ iṣẹ́ mi ò dé ibẹ̀. Eré sísá tó bọ́ sí ọ̀sán wà ní ìsàlẹ̀ mẹ́mọ́rì níbi tí ìyàwó àti ọkọ ò tíì tẹ̀. Nínú 553 tí mo ń wá, 548 ṣí dáadáa. Márùn-ún yòókù jẹ́ ìdajì àwòrán, ìdajì eérú.

Ṣùgbọ́n kò sí orúkọ lára wọn mọ́. PhotoRec á kàn fún wọn ní "f" àti nọ́ńbà gígùn kan tí kò jọ nǹkan kan. Ohun tó gbà mí níbẹ̀ ni ìwé kékeré tí kámẹ́rà máa ń fi sínú ikùn fọ́tò kọ̀ọ̀kan, tí wọ́n ń pè ní EXIF: ọjọ́, wákàtí, irú lẹ́ǹsì, bí ṣọ́tà, ìlẹ̀kùn tó ń ṣí kí ìmọ́lẹ̀ wọlé, ṣe yára tó. Orúkọ fáìlì lè sọnù, ìyẹn á wà níbẹ̀. (Àyàfi fọ́tò tó bá gba orí WhatsApp kọjá bí àwòrán lásán. WhatsApp máa ń bọ́ ọ ní aṣọ yẹn, á sì tún fún un pa. Ìdí nìyẹn tí n kì í fi gba "mo ti fi ránṣẹ́ sí yín lórí WhatsApp" lọ́wọ́ oníbàárà tó ń fẹ́ kí n tẹ̀ ẹ́ ní ńlá.) Mo fi ExifTool, ọ̀fẹ́ lòun náà, yí orúkọ gbogbo wọn padà sí ọjọ́ àti wákàtí tí a yà wọ́n: ọdún ṣáájú, oṣù tẹ̀lé e, ọjọ́, wákàtí, lẹ́tà orúkọ ẹni tó yà á ní ìparí. Ọdún ló gbọ́dọ̀ ṣáájú, torí kọ̀ǹpútà máa ń to orúkọ láti apá òsì. Bí ẹ bá fi ọjọ́ ṣáájú, ọjọ́ kẹta oṣù kẹwàá á jókòó ti ọjọ́ kẹta oṣù kìíní.

Mo to fọ́tò àwa méjèèjì pọ̀, nǹkan tún dàrú. Gẹ́gẹ́ bí kámẹ́rà ọmọ iṣẹ́ mi ṣe wí, àárọ̀ ni wọ́n sá eré ọ̀sán parí. Kámẹ́rà tòkunbọ̀ náà ṣì ń lo aago Amẹ́ríkà! Láti ìgbà tí mo ti rà á, kò sí ẹni tó yí i. Mo wá ohun kan ṣoṣo tí àwa méjèèjì yà lẹ́ẹ̀kan náà, mo sì rí i níbi okùn fífà, nígbà tí àwọn tíṣà Búlúù ṣubú lé ara wọn, tí ìyá tíṣà kan fi ìdí jókòó. Lọ́wọ́ mi, aago 14:20:33. Lọ́wọ́ rẹ̀, 08:16:12. Wákàtí mẹ́fà, ìṣẹ́jú mẹ́rin, ìṣẹ́jú àáyá mọ́kànlélógún. Mo fi ìyẹn kún gbogbo tirẹ̀. Wọ́n tò bí ìlẹ̀kẹ̀. Àṣekágbá àwọn ọmọbìnrin bọ́ sí 15:42.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun nìyẹn. Mo rí tèmi, ó sì dùn mí nínú bó ṣe dára tó. Ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú àáyá ni mo fi ṣọ́tà sí, fókọ́ọ̀sì wà ní AF-C tó ń tẹ̀lé ọmọ bó ṣe ń sún mọ́ mi, fọ́tò mẹ́fà láàrin ìṣẹ́jú àáyá kan. Ẹ lè ka òógùn orí ètè wọn. Tí ẹ bá wò ó, ẹ ò ní jiyàn: ọmọ Yẹ́lò ló wà níwájú, gbangba.

Mo fẹ́ gbé fóònù láti pe ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ kí n sọ fún wọn pé àwọn adájọ́ ṣìnà. Ohun tó dá mi dúró ni pé nínú fọ́tò kan, àwọn méjèèjì ò tíì dé ìlà, nínú èyí tó tẹ̀lé e, àwọn méjèèjì ti kọjá. Mo ṣe ìṣirò rẹ̀ sẹ́yìn páálí bébà ìtẹ̀fọ́tò. Ọmọ tó bá sá ọgọ́rùn-ún mítà láàrin ìṣẹ́jú àáyá mẹ́rìnlá ń rin mítà méje láàrin ìṣẹ́jú àáyá kan. Fọ́tò mẹ́fà pín in, á ku ju mítà kan lọ láàrin fọ́tò kan àti èkejì. Inú mítà kan yẹn ni wọ́n ti kọjá ìlà, kámẹ́rà mi ò sì sí níbẹ̀. Yàtọ̀ sí ìyẹn, iwájú lápá kan ni mo dúró sí. Ẹni tó wà ní ojú ìlà kejì sún mọ́ mi ju ẹni tó wà ní ìkarùn-ún lọ. Kí wọ́n tiẹ̀ máa sá ní dọ́gbandọ́gba, ẹni tó sún mọ́ mi á tóbi jù, á sì jọ pé ó ti ṣáájú. Ẹsẹ̀ ọmọ Yẹ́lò súnmọ́ ìlà lóòótọ́, ṣùgbọ́n òfin eré sísá ò ka ẹsẹ̀ sí, bẹ́ẹ̀ ni kò ka orí, ọrùn tàbí apá sí. Àgọ́ ara, ìyẹn àyà àti ikùn, ló gbọ́dọ̀ dé ìlà.

Kì í ṣòní kì í ṣàná ni wọ́n ti ń gbé ẹjọ́ eré wá síwájú kámẹ́rà. Ní 1878, ní California, Eadweard Muybridge to kámẹ́rà méjìlá sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà tí ẹṣin ń sá gbà, okùn tí ẹṣin ń já ló ń ṣí ojú kámẹ́rà kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n lè mọ̀ bóyá ẹsẹ̀ rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin máa ń kúrò nílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ó ń kúrò. Ṣùgbọ́n ẹ kíyè sí ibi tó to kámẹ́rà sí: ẹ̀gbẹ́ ni, kì í ṣe iwájú. Kámẹ́rà tí wọ́n fi ń dájọ́ eré ńlá lóde òní náà, ẹ̀gbẹ́ ló wà, ìlà ìparí nìkan ló sì ń tẹjú mọ́, ní ẹgbẹ̀rún ìgbà tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ láàrin ìṣẹ́jú àáyá kan.

Ta ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìlà lọ́jọ́ Jímọ̀? Ọmọ iṣẹ́ mi.

Mo wá tirẹ̀ ní 15:42 nínú àwọn tí a ti ṣà, n kò rí i. Ó wà nínú fódà ìdọ̀tí. Ó ti ṣa gbogbo fọ́tò tó bá ṣe bàìbàì síbẹ̀ kó lè nù wọ́n, bí mo ṣe kọ́ ọ. Kó tó ya eré yẹn, ó ti ya àwọn tíṣà ogójì pọ̀, ó wá fún ihò lẹ́ǹsì kéré sí f/16 kí ti iwájú àti ti ẹ̀yìn lè mọ́, ISO (bí kámẹ́rà ṣe ń gba ìmọ́lẹ̀ sí) sì wà ní 100. Kò yí i padà. Nínú oòrùn ọ̀sán, ìyẹn sọ ṣọ́tà di ìdá kan nínú 125 ìṣẹ́jú àáyá. Ní mítà méje láàrin ìṣẹ́jú àáyá kan, àyà ọmọ á ti rìn tó sẹ̀ǹtímítà márùn-ún àti ààbọ̀ kí ṣọ́tà tó padé. Ẹsẹ̀ àti apá tó ń yára ju àyà lọ ti di èéfín. Ó sì tún wá jẹ́ pé ọmọ tó ń gba iwájú ẹni kọjá ló máa ń ṣe bàìbàì jù. Ẹni tó ń bọ̀ wá bá ẹni kì í fi bẹ́ẹ̀ sún kúrò lójú kan nínú fọ́tò, fókọ́ọ̀sì nìkan ló ń fìyà jẹni níbẹ̀. Fọ́tò burúkú ni, n kò lè fi han oníbàárà.

Ṣùgbọ́n àwọn igi méjì! Nínú fọ́tò yẹn, igi apá ìhín bo igi apá ọ̀hún mọ́lẹ̀ pátápátá. Ìyẹn ni pé ọmọ náà jókòó gan-an lórí ojú ìlà, kò yà sí ọ̀tún, kò yà sí òsì. Àyà ọmọ Gíríìnì ti wà lórí ẹfun. Ti ọmọ Yẹ́lò wà lẹ́yìn ẹfun. Mo gun ọ̀kadà lọ sí Asẹ́rò lọ́jọ́ Rú láti fi rúlà wọn ìlà náà níbi tí ẹsẹ̀ ò tíì pa á rẹ́: sẹ̀ǹtímítà mẹ́jọ. Àyè tó wà láàrin àyà àwọn méjèèjì ju ìbú ìlà méjì lọ. Bàìbàì ara wọn ò sì tó ìbú ìlà kan. Fọ́tò náà ò mọ́, àmọ́ ohun tí a ń bi í tóbi ju àìmọ́ rẹ̀ lọ.

Ọ́fíìsì ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ la ti pàdé nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà. Ìyá ọmọ Yẹ́lò ti wà níbẹ̀ pẹ̀lú fídíò lórí fóònù rẹ̀, tí ẹnì kan yà láti abẹ́ kánópì. Ó kí mi dáadáa. Mo jẹ́wọ́ fún wọn ní àkọ́kọ́ ìdí tó fi pẹ́, pé ọwọ́ wa ni fọ́tò ti sọnù. Lẹ́yìn náà ni mo gbé tèmi kalẹ̀.

"Ẹ ò rí nǹkan!" ni ìyá náà wí. "Ṣé irọ́ ni mò ń pa láti ọjọ́ yìí? Ẹ wo ọmọ mi níwájú."

Mo mú báírò méjì lórí tábìlì, mo tò wọ́n sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn, kí orí wọn dọ́gba. Mo ní, "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wò ó láti igun tábìlì yìí." Wọ́n bẹ̀rẹ̀, gèlè wọn kan ìdí kọ́ọ̀pù tó wà níbẹ̀. Wọ́n wò ó, wọ́n yí lọ sí ẹ̀gbẹ́, wọ́n tún wò ó. Wọ́n padà sí igun. Ìgbà yẹn ni mo wá gbé ti ọmọ iṣẹ́ mi jáde, mo fi igi méjèèjì hàn wọ́n, mo fi ẹfun hàn wọ́n. Mo sọ fún wọn pé kámẹ́rà lásán nìyí, kì í ṣe ti adájọ́, mi ò sì lè búra lé e. Ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ ò sọ̀rọ̀. Ìdájọ́ wà bó ṣe wà.

Láti ìgbà náà, mo ti yí lẹ́tà mẹ́ta tó ṣáájú nọ́ńbà lórí D7100 kúrò ní DSC, mo ti fún mẹ́mọ́rì kejì níṣẹ́, aago méjèèjì sì ti di ti Nàìjíríà. A kì í fọ mẹ́mọ́rì mọ́ títí fọ́tò á fi wà ní ojú méjì. Fódà ìdọ̀tí á dúró fún ọgbọ̀n ọjọ́ kí a tó nù ún. Ọmọ iṣẹ́ mi ti ń yí f/16 rẹ̀ padà, lọ́pọ̀ ìgbà.

Ìyá náà dá mi dúró lẹ́nu géètì. Wọ́n ní kí n bá àwọn tẹ fọ́tò tèmi yẹn, èyí tó mọ́, ní ìwọ̀n íńṣì 12 sí 16, kí n fi férémù sí i. Mo bi wọ́n bóyá kí n kọ orúkọ eré náà àti ipò kejì sí abẹ́ rẹ̀.

"Ẹ má kọ nǹkan kan sí i," ni wọ́n wí.